Ohùn ìṣẹ́jú kan àti etí tó ń gbà á

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ràṣídà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni ojú mi ti là sí ọ̀rọ̀ yìí. Télọ̀ ni. Aṣọ ẹbí ló ń rán lọ́jọ́ náà, léèsì aláwọ̀ ọsàn, ọ̀la sì ni ìnáwó. Mo gbé áàpù ohùn kúkúrú tí èmi àti àbúrò mi kan jọ ń ṣe sórí fóònù rẹ̀, mo ṣí i, mo gbé fóònù náà sórí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ, lẹ́bàá àpótí ṣọ́ọ̀kì. Mo ní, "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ o, ẹ kàn máa gbọ́ ọ ni." Mo wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú rẹ̀, mo ń wò ó.

Ohùn àkọ́kọ́ dún. Ìjàpá àti ìyàwó rẹ̀ ni, ìṣẹ́jú kan géérégé. Ó rẹ́rìn-ín. Ohùn náà parí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, ẹ̀rọ náà dákẹ́, ó fi léèsì sílẹ̀, ó fi ìka kan tẹ ojú fóònù kí òmíràn lè wá. Ó padà gbá aṣọ mú, ó wá ibi tí abẹ́rẹ́ ti kúrò, ó tò ó padà. Ìṣẹ́jú kan tún pé. Ó tún dúró. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò tẹ nǹkan kan mọ́. Ó na ọwọ́ sí rédíò kékeré tó wà lójú fèrèsé, ó yí i. Ètò kan ti ń lọ lórí rẹ̀, kò mọ ibi tí wọ́n bá a dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ohùn yín dùn ún gbọ́. Ọwọ́ mi ni kò ráyè."

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá bi mí pé ṣé áàpù olóhùn kúkúrú lè rí èèyàn tí yóò máa gbọ́ ọ, ọwọ́ Ìyá Ràṣídà ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni ni mí. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa, bó ṣe rí rèé: ilé iṣẹ́ rédíò á ta àkókò fún ọ, ká ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo máa wá ìpolówó tí yóò bo owó yẹn tí yóò sì ṣẹ́kù tí o máa fi jẹun. Alágbo, onílẹ̀ títà, olùkọ́ tó dá ilé ìwé sílẹ̀, olórin tó fẹ́ ṣe ìfilọ́lẹ̀, àwọn ni oníbàárà wa. Nígbà tí ìjọba ní kónílé-ó-gbélé ní 2020, gbogbo wọn dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ìnáwó, kò sí ọjà, ta ni yóò polówó? Mo san owó oṣù méjì láti inú àpò ara mi, kí wọ́n má baà gba àkókò mi fún ẹlòmíràn, lẹ́yìn náà mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìbànújẹ́ gidi ni fún mi. Àwọn tó ń gbọ́ mi lálẹ́ ọjọ́bọ̀ ṣì ń pè mí pé níbo ni mo wọlé sí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù bí ẹni ń wo oko tuntun.

Mo ní ìdí tí mo fi gbà pé ohùn ló máa borí lórí fóònù lọ́dọ̀ àwa Yorùbá ju ìwé lọ, n kò sì tíì yí èrò mi padà lórí èyí. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tẹ "oko ti de" ránṣẹ́ sí yín láìfi àmì sí i. Ṣé ọkọ ló ti dé ni, àbí ọkọ̀? Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ń kọ́, ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun ń kọ́? Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni gbogbo wọn. Púpọ̀ nínú wa kì í fi àmì sí ohun tá a bá tẹ̀ lórí fóònù, torí bọ́tìnnì rẹ̀ ṣòroó rí, àwọn mìíràn ò sì kọ́ ọ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n tó o bá la ẹnu rẹ pé "ọkọ̀ ti dé", ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ohun tó o wí. Ohùn ni èdè wa fi ń dúró. Ìyá mi tó ń ka Bíbélì Yorùbá láìkọsẹ̀ kì í ka àtẹ̀jíṣẹ́ rárá. Ó máa ní, "Sọ ọ́ sí i kí n gbọ́." Ọdún 2013 ni WhatsApp gbé fóìsì nóòtì jáde, nígbà tó sì fi máa di 2022, ilé iṣẹ́ náà sọ pé bílíọ̀nù méje ni àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ lójúmọ́ káàkiri ayé. N kò nílò kí wọ́n sọ fún mi. Mo ti rí àwọn alágbàtà ní Bódìjà tí wọ́n gbé fóònù sẹ́nu bí ẹni fẹ́ jẹ bọ́ọ̀lì.

Ohùn kò sì wọ́n ní dátà. Tí wọ́n bá di ohùn èèyàn mọ́ kílóbíìtì 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú kan odindi kò ju kílóbáìtì 120 lọ. Fídíò ìṣẹ́jú kan lè gba ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà àádọ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú tí iye owó dátà ti di ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ sórí sọ, pàápàá lẹ́yìn tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ lè fi ìdajì kún owó wọn, nǹkan ńlá nìyẹn.

Clubhouse, áàpù tí èèyàn ti ń wọ yàrá láti fi ohùn sọ̀rọ̀, ni ibi àkọ́kọ́ tí mo wọ̀. Paul Davison àti Rohan Seth ló dá a sílẹ̀ ní 2020, orí iPhone nìkan ló kọ́kọ́ wà, ẹni tí wọ́n bá pè nìkan ló sì ń wọlé. Àwọn olówó ní Amẹ́ríkà ti sọ pé ó tó bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ní oṣù kẹrin 2021, kó tó di pé ó dé orí Android níbí ní oṣù karùn-ún. Mi ò sùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. A dá yàrá kan sílẹ̀ fún oríkì àti àlọ́. Ìyá kan tó ń fún ọmọ lọ́yàn lóru ní Houston wà níbẹ̀, bàbá kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù wọlé lẹ́yìn iṣẹ́, ọmọ Ìlọrin kan wà níbẹ̀ tó mọ oríkì ìdílé mẹ́fà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á na ọwọ́ sókè, a ó gbé e gorí pèpéle, á sọ̀rọ̀. Mo rò pé mo ti padà sílé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ayé ṣí padà, yàrá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn bí ìpàdé ẹbí tí kò ní alága. Wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó bá wọlé lágogo mẹ́wàá kò mọ ohun tá a sọ lágogo mẹ́sàn-án, ẹni tó bá sùn ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn ìjọba tún ti Twitter pa, kò sì ṣí títí di oṣù kìíní 2022, torí náà àwọn tá a fẹ́ tẹ̀ lé lọ sí Spaces, yàrá ohùn ti Twitter, fọ́n ká, VPN ni àwọn kan fi ń yọ́ wọlé, àwọn mìíràn ò wá mọ́. Clubhouse fúnra rẹ̀ dá ju ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 2023, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án, ó ti sọ ara rẹ̀ di ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ ti ń fi ohùn kúkúrú ránṣẹ́ síra wọn. Ẹ fi ọkàn sí ìyẹn. Láti yàrá gbọ̀ngàn, wọ́n padà sórí ohùn kúkúrú láàárín ojúlùmọ̀.

Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, àbúrò mi kan tó mọ kọ̀ǹpútà ti wá bá mi. Ọmọ ìyá kọ́ ni wá, àdúgbò kan náà la ti dàgbà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gígùn ló ba Clubhouse jẹ́. Àwọn èèyàn ò ní sùúrù mọ́. Ẹ wo TikTok. Ìṣẹ́jú kan, ó tán, òmíràn dé. Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún etí." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Owó oṣù rẹ̀ ló fi ń san owó ẹ̀rọ tó gbé áàpù náà ró, èmi ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá mi, mo ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sára ògiri kí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò má baà wọlé. A ní àlọ́, a ní oríkì, a ní ìròyìn, a ní iye owó tòmátò, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà ní Bódìjà láràárọ̀. Ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀, kò gbọdọ̀ lé.

Àwọn ojúlùmọ̀ gbà á sórí fóònù, wọ́n gbọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní, wọ́n yìn wá. Lọ́jọ́ kẹta, a ò rí wọn mọ́.

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún etí. Ẹni tó ń wo TikTok, kí àtàǹpàkò rẹ̀ tó gbéra, ojú rẹ̀ ti rí i pé obìnrin kan ń jó, tàbí pé ìkòkò ń hó lórí iná. Ìṣẹ́jú-àáyá kan ti tó o láti mọ̀ bóyá kó dúró. Ohùn ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní láti dá ọ dúró ná kí o tó mọ ohun tó gbé wá. O máa gbọ́ gbólóhùn kan, èkejì, kí o tó mọ̀ bóyá tìẹ ni. Tí ohùn bá gùn, o máa ṣe wàhálà yẹn lẹ́ẹ̀kan, o ó sì jẹ èrè rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Tí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lo máa ṣe wàhálà náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń rẹ etí.

Lẹ́yìn ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ràṣídà, àbúrò mi tún un ṣe kí ohùn kan máa tẹ̀ lé èkejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. A rò pé a ti rí i mú. Èyí tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé àlọ́ ń parí, ìròyìn ìjàǹbá ọ̀nà ń já lù ú. Oríkì Ọ̀yọ́ tán, iye owó tòmátò bẹ̀rẹ̀. Ohùn kan lọ sókè, èkejì wá nílẹ̀. Àǹtí kan ní Ṣáṣá sọ fún mi pé ńṣe ló dà bí ìgbà tí ọmọdé ń yí rédíò káàkiri. Òótọ́ ni. Èèyàn tó ń ṣètò rédíò mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé nǹkan. Èmi náà mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mo kàn gbàgbé nígbà tí mo dé orí fóònù ni.

Kíkí tún jẹ́ wàhálà tí n kò retí. Orí rédíò, tí mo bá wọlé, mo máa kí àwọn àgbà, mo máa kí àwọn ìyálọ́jà, mo máa kí àwọn awakọ̀, mo máa kí ẹni tó wà lóko àti ẹni tó wà lọ́nà. Mo fi aago wọ̀n ọ́n: ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú ìṣẹ́jú kan, ìdámẹ́ta ti lọ. Àbúrò mi ní kí n yọ ọ́ kúrò, mo sì yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá kan tó ti ń gbọ́ mi láti ìgbà tí mo wà lórí rédíò pè mí, inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní, "Ṣé ìjà ni à ń jà ni? O wọlé, o ò kí èèyàn, o bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀." Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá. Mo ro ó títí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń kí èèyàn kan ṣoṣo nínú ohùn kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. "Ẹ kú ọ̀nà o" nínú ti awakọ̀, "ẹ kú ìjókòó ọjà o" nínú ti iye owó, "ẹ kú ìdáná o" nínú ti ìrọ̀lẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré. Ẹni tó bá sì ń dáná lóòótọ́ á dáhùn, á ní "Ooo." Àwọn kan sọ fún mi pé àwọn máa ń dáhùn. Èdè wa ti ní kíkí fún gbogbo ìdúró èèyàn. Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni ìyẹn ń ṣe fún ohùn kúkúrú.

Ti owó, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìpolówó ìṣẹ́jú-àáyá 15 nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó máa rí i bí ẹ̀ṣẹ̀. Nínú ìṣẹ́jú kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Alágbo kan san fún wa fún oṣù kan, àwọn èèyàn sì ń sá fún ohùn tó bá gbé ìpolówó rẹ̀. A dá owó tó kù padà fún un. Ní ìparí ọdún 2022 àbúrò mi dá áàpù náà dúró. Kò bá mi jà, n kò sì bá a jà, ṣùgbọ́n a ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ìwọ̀nba oṣù kan, torí ó ti ná ohun tó fi ń tọ́jú àtiṣe ìgbéyàwó.

Nígbà tí ọwọ́ mi dilẹ̀ ni mo tó wádìí àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ó yẹ kí n ti ṣe é tẹ́lẹ̀. Anchor bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2016: ohùn tí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kí àwọn mìíràn sì fi ohùn dáhùn. Èrò tó dára gan-an. Ṣùgbọ́n Michael Mignano àti Nir Zicherman tó dá a sílẹ̀ yí i padà sí ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe pọ́díkáàsì, ìyẹn ètò gígùn, bẹ́ẹ̀ ni Spotify sì ṣe rà á ní 2019. Twitter jẹ́ kí àwọn oní-iPhone máa fi ohùn 140 ìṣẹ́jú-àáyá túwíìtì ní 2020, ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ bèèrè ni pé kí ni àwọn tí etí wọn di yóò ṣe, torí kò sí àkọsílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Facebook kéde Soundbites, ohùn kúkúrú fún ẹ̀rín àti ewì, ní oṣù kẹrin 2021. Kí ọdún 2022 tó dé ìdajì, wọ́n ti ń pa á. Ilé iṣẹ́ tí èèyàn tó lé ní bílíọ̀nù méjì ń wọ̀ lóṣooṣù ni o. Torí náà, tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé èèyàn ló wọ́n wa, n kò lè gbà. Wọ́n ní èèyàn. Wọn ò ní ìdí tí ẹnìkan fi máa dìde tọ ohùn àjèjì lọ lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan.

Ojúlùmọ̀ ni mo wá lọ bá. Alẹ́ ọjọ́ kan tí iná NẸ́PÀ ò sí, mo fi fóìsì nóòtì kan ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp tí àwọn tó ń gbọ́ mi tẹ́lẹ̀ dá sílẹ̀. N kò sọ ìtàn kankan. Mo kàn pè é: "Ààlọ́ o!" Mo tẹ̀ ẹ́ lọ, mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ìgbà tí mo fi máa gbé e padà, ohùn ti kún un. "Ààlọ̀!" Ìyá àgbà kan ní Ìṣẹ́yìn kó àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ jọ, mẹ́rin nínú wọn ń pariwo, ọ̀kan kéré débi pé "àyọ̀" ló ń wí. Bàbá kan dáhùn láti inú Máíkírà rẹ̀ ní Ìwó Road, fèrè ọkọ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkan dáhùn láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, torí àwọn mìíràn ń sùn nínú ilé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ léraléra títí fóònù mi fi kú. Lọ́jọ́ kejì mo pa àlọ́ náà ní ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀, mo sì gé ìdáhùn wọn, mo tò wọ́n sí ibi ègbè. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ń wá ohùn ara wọn nínú rẹ̀. Ìyá àgbà Ìṣẹ́yìn fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ rẹ̀ káàkiri, kí wọ́n lè gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń dáhùn.

Orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ rédíò ló wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí àpótí ohùn dé Èkó ní 1935, tí wọ́n fi wáyà fà á wọ ilé àwọn èèyàn, wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ kò sì dúró gba èsì, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Láti ilé wa, ọ̀rọ̀ ní èsì. Àlọ́ ní ègbè, ìjálá ní agberin, oníwàásù ń gba "Àmín". Àwọn bàbá wa rí àìpé yẹn lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fi sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ. Áàpù wa ní bọ́tìnnì ọkàn pupa àti òǹkà iye ẹni tó gbọ́. Kò ní ibi tí ìyá Ìṣẹ́yìn ti lè wí pé "Ààlọ̀". A ti kọ́ asọ̀rọ̀mágbèsì mìíràn, èyí tó tún ń dákẹ́ ní ìṣẹ́jú kan-kan.

Kì í ṣe pé WhatsApp rọrùn fún ẹni tó fẹ́ kó èrò jọ. Lísìtì ìfiránṣẹ́ (broadcast list) kan kò gbà ju èèyàn 256 lọ, ẹni tí kò bá sì fi nọ́ńbà rẹ pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà. Tí ohùn rẹ bá dùn tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ káàkiri, bó bá ti kọjá ọwọ́ bíi márùn-ún, WhatsApp máa sàmì sí i, ẹni kọ̀ọ̀kan ò sì ní lè fi í ránṣẹ́ ju ojú kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ ìdí rẹ̀, irọ́ tó ń jà ràn-ìn ni wọ́n fẹ́ dín kù, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí àlọ́ mi kọlu ògiri yẹn, ó dùn mí. Ohun kan ló dára nínú rẹ̀. Ẹni tó fi nọ́ńbà mi pamọ́ ti ṣe nǹkan tó ju kó tẹ bọ́tìnnì "tẹ̀ lé" lọ. Orúkọ ló kọ sí i. Àwọn kan kọ "Bọ̀ọ̀dá Alálọ̀ọ́". Mo wà láàárín ọmọ wọn àti mẹkáníìkì wọn.

Iye owó ọjà náà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Nínú gbogbo ohun tá a gbé sórí áàpù, òun nìkan ni àwọn èèyàn padà wá bèèrè lẹ́yìn tá a pa á. Ìyá olóúnjẹ kan ní Agodi ní, "Ẹ̀yin ẹ máa sọ ọ́ sí WhatsApp mi, kí n lè mọ̀ kí n tó wọ mọ́tò." Ti òní kì í ṣe ti àná, ìyẹn ló ń mú wọn padà. Kò sì nílò ju ogójì ìṣẹ́jú-àáyá lọ: apẹ̀rẹ̀ tòmátò, àpò àlùbọ́sà, kọ́ńgò ẹ̀wà olóyin, ó tán. Nǹkan tó kúrú nínú ara rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe èyí tá a gé kúrú. Àlọ́ tí mo gé kó lè wọ ìṣẹ́jú kan máa ń rọ lẹ́nu mi, mo máa ń mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ náà máa ń mọ̀ ọ́n.

Ní báyìí, ohùn kúkúrú ni mo ń fi pe èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀: ìpè, àlọ́ àpamọ̀ kan, iye owó, ìbéèrè. "Òkun ń hó yàà, ọ̀sà ń hó yàà, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Mo máa fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì máa já a, ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ẹnìkan tó wí pé ọmọrogùn ni. Tó bá di ọjọ́ àìkú, mo máa kó ìpè àti ìdáhùn jọ, mo máa tò wọ́n bó ṣe yẹ kí rédíò tò wọ́n, mo máa fi ohùn ara mi so wọ́n pọ̀, ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀, fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò ráyè. Télọ̀, onídìrí, awakọ̀, ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di ìgbà tó bá tán. Ó ń wu àbúrò mi láti tún kọ́ áàpù mìíràn fún un. Ó ti ṣe ìgbéyàwó, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo ní tó bá máa kọ́ ọ, kó kọ́ bọ́tìnnì ìdáhùn ṣáájú bọ́tìnnì ìgbọ́hùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ya ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ràṣídà láìsọ tẹ́lẹ̀. Aṣọ ilé ìwé ló kún iwájú rẹ̀, fóònù rẹ̀ wà lójú fèrèsé níbi tí rédíò wà tẹ́lẹ̀, ohùn ọjọ́ àìkú ń lọ lórí rẹ̀. Kò rí mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó débi tí mo ti pe àlọ́ tuntun, ó pariwo pe ọmọṣẹ́ rẹ̀: "Báṣírátù! Gbé e wá, gbé e wá kíá!" Ọmọ náà sáré mú fóònù, ó tẹ máìkì mọ́lẹ̀, ó nà án sí i lẹ́nu. Ọwọ́ méjèèjì Ìyá Ràṣídà wà lórí aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lórí pẹ́dà. Ó tẹ orí síwájú, ó ní, "Ààlọ̀!" Ẹ̀rọ náà ń dún kàràkàrà lábẹ́ ohùn rẹ̀, mo sì fi dídún rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo tò ó sínú ègbè.